Wákàtí tí èrò fi ń dúró kí ọkọ̀ tó kún, ta ló ń kà á?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan lórí bí ẹ ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù jáde ní èdè tí wọ́n gbọ́. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láàyè díẹ̀ láti fi ọ̀rọ̀ kún ìròyìn tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí lórí owó ọkọ̀. Akọ̀ròyìn yín kọ ọ́ pé ọ̀wọ́n epo bẹntiróòlù ló sọ owó ọkọ̀ di ohun tí apá kò ká mọ́, òdodo sì ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà epo kan ní Èkó ti kúrò ní nǹkan bíi náírà 190, ó ti di ohun tó lé ní náírà 480. Kò sí ẹni tó wọkọ̀ lọ́dún náà tí kò mọ̀ ọ́n lára.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Owó tí èrò ń kà lé kọ́ńdọ́ lọ́wọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí ìrìn àjò ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wákàtí tó fi jókòó sínú gáréèjì, tó ń retí kí ọkọ̀ kún, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti lé ní 50 ọdún báyìí tí àwọn onímọ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí ètò ọrọ̀ ajé ìrìnnà ti fi hàn pé ara iye tí ìrìn àjò ń náni ni àkókò yẹn, pé ó ṣeé wọ̀n, ó sì ṣeé ṣírò. Síbẹ̀, bí a bá ń sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ lórílẹ̀-èdè wa, a kì í kà á mọ́ ọn. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí nìyẹn.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ni mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ń ti Ìsẹ́yìn bọ̀ wá sílé ní Ìbàdàn. Agogo 7 kọjá ìṣẹ́jú 10 ni mo wọ gáréèjì. Bọ́ọ̀sì elérò 14 ni ọkọ̀ tó kàn. Agbèrò tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pariwo pé, "Ìbàdàn ń lọ, ó ku ẹnìkan!" Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, èèyàn márùn-ún péré ni mo bá níbẹ̀, méjì nínú wọn sì jẹ́ ọmọ gáréèjì tí wọ́n fi síwájú kí ọkọ̀ lè dà bí èyí tó fẹ́ kún. Bí èrò gidi ti ń dé ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n sì ń lọ jókòó sínú ọkọ̀ mìíràn.

Obìnrin kan jókòó tì mí, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ata rodo sáàárín ẹsẹ̀, ó fi ewé bò ó. Ọjà Bódìjà ló ń gbé e lọ. Bó bá ti tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò ṣí ewé náà, yóò ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, yóò yí ata ìsàlẹ̀ wá sókè kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Èyí tó bá sì ti rọ̀, tí omi ti ń yọ lára rẹ̀, yóò ṣà á sínú ọ̀rá dúdú kan tó fi kọ́ ìka. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì ráhùn. Nígbà tí awakọ̀ yóò fi ṣíná sọ́kọ̀ ní agogo 9 kọjá ìṣẹ́jú 25, ọ̀rá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo bi í pé kí ni yóò fi wọ́n ṣe. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó bá fẹ́ lọ̀ ọ́ lónìí náà ni mo máa tà á fún, ní ìdajì owó."

Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, tó tó kìlómítà 65, kì í ṣe ọ̀nà burúkú mọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti tún un ṣe, àwa tí a sì gba ibẹ̀ nígbà tó jẹ́ kìkì kòtò mọ iyì ohun tí wọ́n ṣe. Láti ìgbà tí ọkọ̀ wa ti gbéra títí a fi wọ Mọ́níyà, kò ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: mo fi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15 jókòó sójú kan, mo sì fi nǹkan bí ìdajì rẹ̀ rìn. Owó tí ìjọba ná sórí ọ̀dà dín àkókò ìrìn kù gidigidi, ṣùgbọ́n kò kan àkókò ìdúró rárá. Bí a bá sì fi wákàtí kan péré lé orí èrò kọ̀ọ̀kan nínú àwa 14, nítorí pé àwọn kan tètè dé, tí àwọn kan sì pẹ́ kí wọ́n tó dé, wákàtí 14 ló ti bá ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ kí táyà rẹ̀ tó yí. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe wákàtí 8 lójúmọ́ yóò lò tó ọjọ́ méjì dín díẹ̀ kó tó ṣe iṣẹ́ irú wákàtí bẹ́ẹ̀.

Mi ò dá awakọ̀ lẹ́bi. Bó gbé èrò 6, bó gbé 14, iye epo tí yóò jó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ó ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì, ẹni tó ni ọkọ̀ sì ń retí owó rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí àga kan bá ṣófo, àpò awakọ̀ ni àdánù rẹ̀ yóò ti jáde, ìyẹn ló fà á tó fi ń dúró. Ṣùgbọ́n ìdúró yẹn kò pa àdánù náà rẹ́. Ṣe ni a gbé e kúrò lọ́rùn awakọ̀, tí a pín in fún àwọn èrò, tí wọ́n sì ń fi wákàtí san án dípò náírà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ epo ti wọlé, mo sì fẹ́ kí akọ̀ròyìn yín fara balẹ̀ wò ó. Nígbà tí epo gbówó lórí, àdánù tó wà lórí àga tó ṣófo náà gbówó lórí, nítorí bẹ́ẹ̀ awakọ̀ ní ìdí púpọ̀ sí i láti dúró kí àga tó kẹ́yìn kún. Lọ́wọ́ kan náà, ẹni tí ìrìn àjò rẹ̀ kò pọn dandan yóò jókòó sílé nítorí owó ọkọ̀, ọkọ̀ kò sì ní tètè kún mọ́. Nǹkan méjì yìí ló jùmọ̀ kọ lu èrò tó kù. Ẹni tó bá wá fi owó ọkọ̀ ti àtijọ́ wé ti ìsinsìnyí, tó sì kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, apá kan ìyà náà ló rí. Àjọ tó ń bójú tó ìṣirò lórílẹ̀-èdè wa, NBS, ní ìwé tó ń ṣe lórí owó ọkọ̀ lóṣooṣù, ó ń kọ iye tí wọ́n ń gbà nínú ìgboro, iye tí wọ́n ń gbà láti ìlú kan sí èkejì, ti ọ̀kadà, ti ọkọ̀ òfuurufú àti ti ọkọ̀ ojú omi. Iṣẹ́ gidi ni, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Owó nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹni tó là á yé mi jùlọ nínú àwọn onímọ̀ ni Herbert Mohring, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí tó ṣe lórí bọ́ọ̀sì ìgboro, tó jáde ní ọdún 1972. Ó ní bí èrò bá ti ń pọ̀ sí i lójú ọ̀nà kan ni ọkọ̀ yóò máa pọ̀ sí i, bí ọkọ̀ bá sì ti pọ̀, ìdúró gbogbo èrò yóò kúrú. Èyí túmọ̀ sí pé èrò tuntun kan tó wọ ọkọ̀ ń ṣe àwọn yòókù lóore láìmọ̀. Ó sì tẹ̀ lé e pé, níbi tí èrò bá ti kéré, owó ọkọ̀ nìkan kò lè mú kí ọkọ̀ máa lọ lemọ́lemọ́ tó bó ṣe yẹ, kò sì lòdì sí ọgbọ́n kí ìjọba fi owó díẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ní Òkè-Ògùn ti mọ èyí kí ó tó di pé ẹnìkan kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ ọjà, bí o bá ṣe ń wọ gáréèjì ni ọkọ̀ ń kún lójú rẹ. Lọ́jọ́ kejì ọjà, wàá jókòó títí oòrùn yóò fi kúrò lápá kan ọkọ̀ bọ́ sí èkejì. Ọ̀nà kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni, epo kan náà ni. Iye èrò ló yàtọ̀.

Ìwádìí lóríṣiríṣi tún ti fi hàn pé ìṣẹ́jú kan tí èèyàn fi dúró de ọkọ̀ máa ń ni í lára ju ìṣẹ́jú kan tó fi jókòó nínú ọkọ̀ tó ń lọ. Ó sábà máa ń tó nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ẹnìkan lè béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Ohun tí èèyàn yàn ni wọ́n ń wò. Ẹni tó fi bọ́ọ̀sì olówó pọ́ọ́kú sílẹ̀, tó lọ gun ọ̀kadà tó gbówó lórí kó lè tètè débi iṣẹ́, ti fi owó ara rẹ̀ sọ fún wa iye tó ka àkókò rẹ̀ sí. Bí a bá kó irú ìyàn bẹ́ẹ̀ jọ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, ìṣirò yóò jáde nínú rẹ̀. Daniel McFadden, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní agbègbè San Francisco ní ọdún 1972, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní BART kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá èèyàn tó lé ní 700 lẹ́nu wò nípa bí wọ́n ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì fi sọ tẹ́lẹ̀ pé 6.3 nínú 100 ni yóò máa wọ ọkọ̀ náà. Àwọn aláṣẹ ti sọ pé yóò tó 15 nínú 100. Nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, 6.2 ló jẹ́. McFadden gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000 fún iṣẹ́ tó ṣe lórí ọ̀nà ìṣirò yìí. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi, kí wọ́n lè mọ̀ pé bíbi àwọn èèyàn díẹ̀ ní ìbéèrè tó tọ́, kí a tó fi simẹ́ńtì lélẹ̀, kì í ṣe ohun tí ń fi àkókò ṣòfò.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn onímọ̀ kò wo ilẹ̀ tiwa. Ní ọdún 2015, David Atkin àti Dave Donaldson gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi wo iye tí wọ́n ń ta ọjà kan náà ní ìlú lóríṣiríṣi ní Nàìjíríà, ní Ethiopia àti ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé bí ọ̀nà ṣe ń jìn sí i, ohun tí jíjìn náà ń fi kún owó gbígbé ọjà kiri lọ́dọ̀ wa àti ní Ethiopia tó ìlọ́po 4 sí 5 ti Amẹ́ríkà. Ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 2009, Supee Teravaninthorn àti Gaël Raballand ti ṣe iṣẹ́ kan fún Báńkì Àgbáyé lórí àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó ẹrù kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ní Áfíríkà. Wọ́n ní ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, ohun tí ọlọ́kọ̀ ń ná kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́rù ló pọ̀ jù, àti pé ètò pínpín ẹrù ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, nínú èyí tí ọkọ̀ ń tò dìgbà tó bá kàn án, wà lára ohun tó fà á. Wọ́n kìlọ̀ pé bí a bá tún ọ̀nà ṣe láìfọwọ́ kan ètò bẹ́ẹ̀, owó ẹrù lè má wálẹ̀. Ìgbà tí mo ka èyí ni mo rántí gáréèjì Ìsẹ́yìn àti ọ̀dà tó ń dán lójú ọ̀nà Mọ́níyà.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé wákàtí aláta kò lówó lórí, pé kí ni ì bá tún fi ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú, ó sì yẹ kí n dá a lóhùn dáadáa, nítorí pé àṣìṣe rẹ̀ lè wọ inú ìwádìí gan-an. Bí a bá fi owó oṣù nìkan wọn wákàtí, wákàtí ọ̀gá ilé iṣẹ́ yóò tó ti aláta lọ́nà púpọ̀. Gbogbo ìṣirò yóò sì máa darí wa síbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń gbà, afárá lọ́tùn-ún, afárá lósì, nígbà tí gáréèjì kò ní rí nǹkan kan gbà. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ewu yìí. Fún ìrìn àjò tí kì í ṣe ti iṣẹ́, iye kan náà ni wọ́n ń lò fún wákàtí olówó àti ti tálákà nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò àǹfààní ọ̀nà tàbí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ní tiwa, mo rò pé ó yẹ kí a tún fi ẹrù tó ń bàjẹ́ kún un. Ata tó rọ̀ sínú ọ̀rá dúdú yẹn ní iye kan ní Bódìjà, a sì lè kọ ọ́ sílẹ̀. Aboyún tó ń lọ rí dókítà ní Ìbàdàn wà nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ lọ ṣèdánwò náà sì wà níbẹ̀.

Èkó ti fi díẹ̀ nínú ohun tó ṣeé ṣe hàn wá. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2008 tí ọkọ̀ BRT ti bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 wọ Erékùṣù Èkó, lójú ọ̀nà tó tó kìlómítà 22, ọ̀pọ̀ èrò ti mọ ohun tó ń jẹ́ pé kí a tò sórí ìlà, kí ọkọ̀ sì gba ojú ọ̀nà tirẹ̀ lọ láìsí igbe agbèrò. Ìdúró wà níbẹ̀ náà o, ìlà a sì máa gùn. Ṣùgbọ́n káàdì Cowry tí èrò ń tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ń kọ wákàtí tí olúkúlùkù wọ ọkọ̀ àti ibi tó ti wọ̀ ọ́. Àkójọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìṣúra fún olùwádìí. Mo rọ LAMATA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní Èkó, pé kí wọ́n yọ orúkọ èèyàn kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní Nàìjíríà níbí, láìjẹ́ pé wọ́n ní láti mọ ẹnìkan nínú ọ́fíìsì.

Fún ìlú tí kò ní káàdì, ìwé àti aago ọwọ́ ti tó. A ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìrìnnà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, a ní NISER, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ọrọ̀ ajé àti àwùjọ, ní Ìbàdàn, a sì ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìrìnnà ti ìjọba àpapọ̀ ní Zaria. Kí wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí gáréèjì, kí NBS sì fi òpó kan kún ìwé rẹ̀ olóṣooṣù, èyí tí yóò sọ iye ìṣẹ́jú tí èrò fi dúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náírà tó san. Kí wọ́n tún gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní Yorùbá, ní Haúsá àti ní Ígbò, kí ó lè dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n ṣe ìwádìí lé lórí. Obìnrin aláta yẹn lè ka lẹ́tà yìí bí ọmọ rẹ̀ bá kà á sí i létí. Kò lè ka ìwé tí àwọn onímọ̀ ń kọ síra wọn.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbìyànjú rẹ̀. Ìjọba ló ni ọkọ̀ Pacesetter. Kí wọ́n yan ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ọkọ̀ máa gbéra níbẹ̀ ní wákàtí tí a dá, bó kún bí kò kún, fún oṣù mẹ́fà, kí ìjọba sì san owó àga tó bá ṣófo. Kí àwọn olùwádìí ti ka ìdúró èrò kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kà á nígbà tó bá ń lọ, kí wọ́n sì tún kà á nígbà tó bá dáwọ́ dúró. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní Stockholm ní Sweden nìyẹn nígbà tí wọ́n fẹ́ máa gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá wọ àárín ìgboro. Wọ́n dán an wò láti ọjọ́ 3 oṣù Kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2006, wọ́n ka ọkọ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n rí i pé ọkọ̀ tó ń wọlé tó ń jáde dín kù ní nǹkan bí 20 nínú 100, wọ́n wá ní kí ará ìlú dìbò lé e lórí nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ará ìlú ti fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń dìbò fún.

Àwọn awakọ̀ yóò ní kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ìdáhùn mi ni pé kí ètò náà gba ọkọ̀ tiwọn náà láàyè, kí ẹni tó bá gbà láti máa gbéra lásìkò nínú wọn rí owó àga tó ṣófo gbà bí ọkọ̀ ìjọba ṣe ń rí i. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ pé ìjọba nìkan ni yóò máa wa ọkọ̀.

Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo ti múra tán láti bá wọn jókòó sí gáréèjì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, n kò sì bèèrè kọ́bọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Ìsẹ́yìn, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Kí wọ́n kọ ìṣẹ́jú tí èrò kọ̀ọ̀kan wọlé, ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ gbéra, àti irú ẹrù tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n ti débẹ̀ ní agogo 6, nítorí ìgbà yẹn ni àwọn aláta ti máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ dé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan,
Ìbàdàn.